Ààlè Ilé-Ẹjọ́: Oríṣìí Àṣẹ Adájọ́ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Dáàbò Bo Ẹ̀tọ́ Ẹni

Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ kò ní í ṣàì rí àwọn ìkọ̀wé pupa lára ilé àti lára ògiri tí a mọ yí ilẹ̀ ká. Oríṣìí méjì ni ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀kan ń kìlọ̀ pé ilé tàbí ilẹ̀ náà kì í ṣe títà. Èkejì ń kéde pé a ti gba ibẹ̀ nípa àṣẹ ilé-ẹjọ́, a sì máa ń kọ ọjọ́ tí a gbà á àti nọ́ńbà ẹjọ́ náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìkìlọ̀ lásán ni ti àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì lè kọ ọ́. Ti èkejì ni ó ń ba ènìyàn lẹ́rù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí a bá ti gbọ́ àṣẹ, ọkàn wa a máa lọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu ọba, èyí tí kò sí ẹni tí í yí i padà. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún àgbẹ̀ kan lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ pé àṣẹ kóòtù ti dé sórí oko rẹ̀, ó lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, kí ó sì kó àdá àti ọkọ́ rẹ̀ kúrò, nígbà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ 7 péré ni àṣẹ náà yóò lò, tàbí pé kò tilẹ̀ de òun rárá.

Ohun tí ó fa irú àṣìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni a fi ń pe ọ̀pọ̀ nǹkan. Ète wa nínú àròkọ yìí ni láti ya àwọn àṣẹ wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a fi ẹ̀tọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ hàn, kí a sì sọ ibi tí agbára rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó pin sí. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ nígbà púpọ̀. Títí di 27 May 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ìlú méjèèjì wà, oko àti ẹja odò sì ni iṣẹ́ púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni Èkó ti ń gbòòrò dé ọ̀dọ̀ wọn. Oko di púlọ́ọ̀tì, púlọ́ọ̀tì di ohun tí a ń tà lẹ́ẹ̀mejì. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, pé kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀ ọwọ́ ẹbí onílẹ̀ ni ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé ti ń kọ́kọ́ rà á. Nítorí náà ni iṣẹ́ fi pọ̀ níwájú Ilé-Ẹjọ́ Gíga àti ilé-ẹjọ́ májísíréètì ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́.

ÀṢẸ ADÁJỌ́ ÀTI ÀÀLÈ

Àwọn baba wa kò ṣe aláìní ohun tí ó jọ èyí. Ẹni tí ó bá ṣẹ́ igi jọ sínú igbó, tí kò sì tí ì lè rù ú wálé, a máa so àkísà, ìkarahun ìgbín tàbí àjókù ìgbálẹ̀ mọ́ ọn. Ààlè ni ó pa síbẹ̀. Ààlè kò ní ọwọ́ tí yóò fi di olè mú. Ohun tí ó ń sọ ni pé igi yìí ní olúwa, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ kàn án, àti pé ìyà ń bẹ fún ẹni tí ó bá kọ etí ikún. Agbára rẹ̀ wà nínú pé gbogbo àdúgbò ni ó mọ èdè tí ó ń sọ, tí wọ́n sì gbà pé ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àṣẹ ilé-ẹjọ́ rí. Ìwé ni, kò lè dúró níwájú katapílà kí ó dá a padà. Òfin tí ó fún adájọ́ lágbára, àwọn ènìyàn tí ń tẹ̀ lé e, àti ìjìyà ẹni tí ó bá rú u ni ó gbé e ró. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà láàárín wọn. Olúwa rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni í pa ààlè. Kò sí ẹni tí ó lè fúnra rẹ̀ kọ àṣẹ ilé-ẹjọ́ fún ara rẹ̀. Adájọ́ tí òfin fún láṣẹ lórí irú ọ̀rọ̀ náà nìkan ni ó lè ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó ń bá wí. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí a bi àṣẹ yòówù tí a bá gbé wá bá wa. Ta ni adájọ́ gbọ́ ẹnu rẹ̀ kí ó tó pàṣẹ? Títí di ìgbà wo ni àṣẹ náà yóò wà? Ta ni ó dè, kí ni ó sì ní kí ó ṣe tàbí kí ó má ṣe?

ÀṢẸ ÌDÁWỌ́DÚRÓ

Ká ní olùkọ́ kan ra púlọ́ọ̀tì kan lọ́wọ́ ẹbí kan ní Ìkòròdú. Ó gba rìsíìtì, wọ́n bá a tọwọ́ bọ ìwé, ó sì gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ títí owó ilé kíkọ́ yóò fi pé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ̀ka mìíràn nínú ẹbí kan náà tún ilẹ̀ yìí tà fún ẹlòmíràn. Olùkọ́ dé ibẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, típà ti da yanrìn sí i, àwọn bíríkìlà sì ń wa ìpìlẹ̀. Bí ó bá pe ẹjọ́, ó lè gba ọdún púpọ̀ kí ìdájọ́ tó wáyé. Bí a kò bá dá ẹnìkejì dúró, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò ti wà níbẹ̀ kí adájọ́ tó dé orí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Nítorí irú èyí ni òfin fi ṣe àṣẹ ìdáwọ́dúró.

Èyí tí ó yá jù nínú wọn ni àṣẹ ẹnu ẹnìkan. Olùpẹjọ́ nìkan ni ó wá síwájú adájọ́. A kò tí ì pe ẹnìkejì. Yorùbá ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, òfin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ká àṣẹ yìí lọ́wọ́ kò gan-an. Nínú ìlànà Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó, bí ọjọ́ 7 bá ti pé, àṣẹ náà ti kú, àfi bí adájọ́ bá fi ọjọ́ díẹ̀ kún un. Ẹni tí ó bá kàn lè bẹ adájọ́ láàárín ọjọ́ 7 tí ó gba ìwé náà pé kí ó yí i padà tàbí kí ó fà á ya. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Kotoye pẹ̀lú Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ là á yékéyéké pé ọ̀rọ̀ tí ó yá ní tòótọ́ nìkan ni a lè torí rẹ̀ fún ènìyàn ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn pé wọ́n ń kọ́lé sórí ilẹ̀ òun, tí ó sì sùn lé e, kò lè jí ní òru ọjọ́ kan kí ó pariwo pé ọ̀rọ̀ ti di kíákíá.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni àṣẹ àárín ẹjọ́. Adájọ́ ti pe ìhà méjèèjì, ó ti ka ìwé ìbúra wọn, ó sì ti gbọ́ lọ́yà wọn. Kò tí ì sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ohun tí ó ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ gidi wà nínú ẹjọ́ náà tí ó yẹ kí a gbọ́, bóyá owó lè tán ìpalára tí yóò bá olùpẹjọ́ bí a kò bá dá ẹnìkejì dúró, àti ìhà tí yóò jìyà jù nínú àwọn méjèèjì bí a bá fún olùpẹjọ́ ní àṣẹ tàbí bí a kò bá fún un. Bí ó bá pàṣẹ, ohun tí ó ń wí ni pé kí gbogbo nǹkan wà bí wọ́n ti wà títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Kotoye pé ó yẹ kí ẹni tí ó gba irú àṣẹ yìí ṣe ìlérí fún kóòtù pé òun yóò san owó àdánù fún ẹnìkejì, bí ó bá hàn níkẹyìn pé kò yẹ kí a ti fún òun. A rí i nígbà náà pé ẹni tí ó gba àṣẹ àárín ẹjọ́, tí ó sì ń pe onílù wá jó yí àdúgbò ká, ń jó kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni. Adájọ́ kò tí ì dá a láre. Ó kàn ní kí a má ṣe fi ọwọ́ kan nǹkan ni.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni àṣẹ ń sọ pé má ṣe. Nígbà mìíràn, ó ń sọ pé ṣe. Bí ẹni tí ó gbọ́ pé a ti pe òun lẹ́jọ́ bá sáré mọ ògiri ní òru kí adájọ́ má baà lè dá òun dúró, adájọ́ lè fi kànńpá pàṣẹ pé kí ó wó o, kí ilẹ̀ padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ilé-Ẹjọ́ Gíga lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ tí òfin gbé lé e lọ́wọ́, ó sì lè fagi lé ìpinnu tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe kọjá agbára rẹ̀.

ÌKÉDE Ẹ̀TỌ́ ÀTI ÀṢẸ TÍTÍ LÁÉ

Ní òpin ẹjọ́ ni adájọ́ ń sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ìkéde ẹ̀tọ́ ni a ó pe èyí. Agbára rẹ̀ kò kéré. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, wọ́n sì wí pé owó tí ó tọ́ sí Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, kò ju ti ẹ̀tọ́ ìṣàkóso lásán lọ, nítorí pé kì í ṣe òun ni ó ni ilẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí í gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, wọ́n dá a pé ohun ìní àwùjọ àti ti ẹbí ni ilẹ̀ ní ìlú wa, pé olóyè ń tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo wọn, àti pé owó ohun ìní náà ní kíkún ni kí a fi ṣe ìpìlẹ̀ ohun tí a ó san. Láti inú ìkéde kan yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí ti fa ọ̀rọ̀ yọ láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ìkéde ẹ̀tọ́ ní ẹnu, kò ní apá. Ó sọ ohun tí í ṣe òtítọ́ láàárín àwọn tí ń jà. Kò sọ pé kí akódà kóòtù lọ lé ẹnikẹ́ni jáde. Bí olùpẹjọ́ bá fẹ́ kí wọ́n gba ilẹ̀ fún òun, ó gbọ́dọ̀ béèrè àṣẹ ìgbàpadà lọ́tọ̀. Bí kò bá fẹ́ kí ẹnìkejì tún fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́, ó gbọ́dọ̀ béèrè àṣẹ ìdáwọ́dúró títí láé, èyí tí adájọ́ kì í fún ènìyàn àfi lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́ ẹjọ́ tán.

Ibí gan-an ni ewu ìkọ̀wé pupa wà. Ẹbí kan lè bá ẹbí kejì ṣe ẹjọ́ lórí ilẹ̀ abúlé kan, kí a kéde pé tiwọn ni. Kí ọjọ́ tó pẹ́, àwọn ènìyàn kan ti gbé ọ̀dà, wọ́n ń kọ ọ́ sára ilé gbogbo tí ó wà lágbègbè náà, títí kan ilé àwọn tí a kò pè sí ẹjọ́ náà rí, tí ilẹ̀ wọn kò sì sí nínú àwòrán tí a fi hàn ní kóòtù. Òfin kò gba bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ de àwọn tí ó jẹ́ ẹjọ́ náà àti àwọn tí ẹ̀tọ́ wọn ti ọwọ́ wọn wá. Kò de àlejò. Ẹni tí irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ bá dé ara ilé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti lọ sí kóòtù tí a dárúkọ, kí ó gba ẹ̀dà ìdájọ́ náà, kí ó wo orúkọ àwọn tí ó jà àti ààlà ilẹ̀ tí wọ́n jà lé lórí, kí ó sì ké sí adájọ́ bí wọ́n bá ti kọjá ààlà. Òfin Ìdáàbòbò Dúkìá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ipá gba ilẹ̀ tàbí ilé onílé. Ó tún ka ọlọ́pàá àti àwọn ọdẹ àdúgbò léèwọ̀ láti máa mú ìdájọ́ lórí ilẹ̀ ṣẹ ní ọ̀nà mìíràn ju èyí tí òfin akódà kóòtù là sílẹ̀ lọ.

ONÍLÉ ÀTI AYÁLÉGBÉ

Ẹ̀tọ́ kì í ṣe ti ẹni tí ó ni nǹkan nìkan. Ẹni tí ó yá ilé gbé náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, àṣẹ ilé-ẹjọ́ sì ń ṣọ́ onílé àti ayálégbé. Òfin ayálégbé tí Èkó ṣe ní 2011 yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti àdúgbò ìjọba ní Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ó ti là á sílẹ̀, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ìkìlọ̀ oṣù 6 ni a ó fún ẹni tí ń san owó lọ́dọọdún, oṣù 3 fún ẹni tí ń san án ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́fà mẹ́fà, oṣù 1 fún ẹni tí ń san án lóṣooṣù. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọjọ́ 7 tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ sí kóòtù. Ìgbà tí adájọ́ bá gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì ni ó tó lè pàṣẹ pé kí a gba ilé padà, ó sì lè fún ayálégbé ní àkókò láti wá ibòmíràn.

Nítorí náà, onílé tí ó ṣí páànù orí ilé, tí ó yọ ilẹ̀kùn, tàbí tí ó fi jàǹdùkú dẹ́rù ba ayálégbé ti ṣẹ̀ sí òfin, bí owó tilẹ̀ wà lọ́rùn ayálégbé náà. Ẹ̀tọ́ onílé láti gba ilé rẹ̀ kò dín kù. Ọ̀nà tí yóò gbà ni òfin pa láṣẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti gbèsè tí adájọ́ ní kí a san: ẹrù tí ó ṣeé gbé ni akódà yóò kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀ lé. Kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ilé tàbí ilẹ̀ onígbèsè láìjẹ́ pé kóòtù tún yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́tọ̀.

ÒMÌNIRA ARA

Ẹ̀tọ́ tí ó ga ju ti ilẹ̀ àti ilé lọ ni ti ara ẹni, òun ni ó sì ní àṣẹ tí ó lókìkí jù. A lè pè é ní àṣẹ gbé-e-wá. Adájọ́ yóò sọ fún ẹni tí ó há ènìyàn mọ́ pé kí ó gbé e wá síwájú òun, kí ó sì fi ìdí tí ó fi há a mọ́ hàn. Kò sí àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa ju ti Ọba Èṣùgbàyí ti Èkó lọ. Ní 1925, ìjọba amúnisìn rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Àwọn lọ́yà rẹ̀ béèrè àṣẹ gbé-e-wá. Kóòtù Èkó kọ̀ ọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1928, ìgbìmọ̀ ibẹ̀ dá a pé bí adájọ́ kan bá kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n lè tọ adájọ́ mìíràn lọ, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tí ó di 1931, wọ́n tún dá a, láti ẹnu Lord Atkin, pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan kò lè fi ọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun ìní ẹnikẹ́ni àfi bí ó bá lè fi hàn níwájú kóòtù pé òfin gba òun láyè. Ní ọdún kan náà ni Èṣùgbàyí padà sí Èkó.

Lónìí, Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 ti sọ ẹ̀tọ́ yìí di ti gbogbo ènìyàn. Bí a bá mú ènìyàn, tí kóòtù tí ó lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ sì wà láàárín kìlómítà 40, láàárín ọjọ́ kan ni a gbọ́dọ̀ gbé e lọ síbẹ̀, yàtọ̀ sí ẹni tí a fura sí pé ó ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Kóòtù wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ẹ̀pẹ́. Ọlọ́pàá ìlú méjèèjì kò lè wí pé ọ̀nà jìn. Bí wọ́n bá rú òfin yìí, ẹni náà lè tọ Ilé-Ẹjọ́ Gíga lọ. Ìlànà tí a ṣe ní 2009 tilẹ̀ gbà kí ẹlòmíràn bá a pe ẹjọ́ náà, ìyá fún ọmọ, tàbí ẹgbẹ́ fún ọmọ ẹgbẹ́. Adájọ́ lè pàṣẹ pé kí a dá a sílẹ̀, kí a san owó fún un, kí a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.

ẸNI TÍ Ó BÁ RÚ ÀÀLÈ

Bí ẹnìkan bá rú àṣẹ ńkọ́? A kì í torí rẹ̀ gbé kùmọ̀. Àkọ́kọ́, a ó mú ẹ̀dà àṣẹ náà lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé tí a ń pè ní Fọ́ọ̀mù 48, tí ó ń kìlọ̀ fún un pé ẹ̀wọ̀n ń bẹ nínú àìgbọràn. Bí kò bá yí padà, Fọ́ọ̀mù 49 yóò tẹ̀ lé e, pé kí ó wá sọ ìdí tí a kò fi ní í fi í sẹ́wọ̀n.

Ó rọrùn láti fi èyí mú ẹni kékeré. Ìjọba ńkọ́? Ní 1985, wọ́n fi ipá lé Ọ̀gbẹ́ni Ojukwu kúrò nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé náà ṣì wà níwájú kóòtù. Ní 1986, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ fún ìjọba ológun Èkó pé ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ohun tí a ń jà lé lórí kò lè tún wá bẹ kóòtù kan náà fún ojú rere. Láìpẹ́ yìí, ní etí ọ̀sà kan náà tí omi rẹ̀ dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, a rí irú rẹ̀ ní Otodo-Gbame. Ní November 1916 kọ́, bí kò ṣe ní November 2016, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Èkó pàṣẹ pé kí a má ṣe wó ilé àwọn ará etí omi. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí iná àti katapílà fi dé bá ilé wọn. Ìjọba wí pé ìjà àwọn ará àdúgbò ni ó fa iná náà. Ní April 2017, a lé àwọn tí ó kù lọ. Ní 21 June 2017, kóòtù dá a pé lílé ènìyàn kúrò nílé láìsí ìkìlọ̀ tí ó tọ́ àti láìpèsè ibùgbé mìíràn lòdì sí Òfin Orílẹ̀-èdè. Ìdájọ́ náà dára, ṣùgbọ́n ilé ti wó kí ó tó dé. Ìkáàánú tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àṣẹ wà, ó sì tọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù rẹ̀ kò bẹ̀rù.

Iṣẹ́ kan wà fún àwa tí a ń kọ́ni ní èdè yìí. Ògbufọ̀ inú kóòtù a máa túmọ̀ gbogbo ohun tí a ti kà sílẹ̀ wọ̀nyí sí ọ̀rọ̀ kan: adájọ́ ti pàṣẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń mú lọ sílé. Bí a bá lè fi orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wa, àṣẹ ẹnu ẹnìkan, àṣẹ àárín ẹjọ́, àṣẹ títí láé, ìkéde ẹ̀tọ́, àṣẹ ìgbàpadà, àṣẹ gbé-e-wá, àwọn náà yóò lè jókòó ti ìyá wọn kí wọ́n sì bá a ka ìwé tí akódà mú wá. Wọ́n yóò wo ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀, orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí ó ní kí a ṣe, kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù.